Àwọn ọmọ CM2 mi kì í ṣíwèé wò àfi tí devoir (ìdánwò kíláàsì) bá ku ọ̀la, kí ni kí n ṣe?

Tíṣà Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí. CM2 ni mò ń kọ́, kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní abúlé kan tí ò jìnnà sí Kétu ní Bẹ̀nẹ̀, ọmọ 54 ló wà nínú kíláàsì mi, ọdún yìí ni wọ́n máa ṣe CEP, ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń bá.

Àwọn ọmọ yìí ò yọ̀dẹ̀ o. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn lọ́jà, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú wọ́n ti sọ iye ṣéńjì yín fún yín. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó mọ oríkì ilé bàbá ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní fo ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo bá kọ́ wọn lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀ ó ti pòórá. Wọ́n á dà á kọ sínú kayé (ìwé àkọsílẹ̀ wọn), ìwé kíkọ wọn á mọ́ tónítóní, wọ́n á fi bíìkì pupa fàlà sábẹ́ àkọlé, wọ́n á pa á dé, ó parí nìyẹn títí devoir á fi ku ọ̀la. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa wá gbé kayé lé àyà, oorun á gbé wọn lọ, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á sì gba 6 tàbí 7 lórí 20.

Mo ti gbìyànjú o. Mo fi owó ara mi ra kayé olójú-ewé 200 àti bíìkì fún ẹni kìíní dé ẹni kẹta lóṣooṣù. Oṣù àkọ́kọ́ gbogbo kíláàsì ló ń yọ̀, oṣù kejì àwọn mẹ́ta yẹn náà ló tún gbà á, tó fi máa di oṣù kẹta àwọn tó kù ò tiẹ̀ wo ibẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n máa kàwé fún wákàtí kan lálaalẹ́ kí òbí máa buwọ́ lù ú, mo rí i pé àwọn ọmọ náà ló ń fọwọ́ ara wọn buwọ́ lù ú, mi ò dẹ̀ lè dá wọn lẹ́bi tán torí ọ̀pọ̀ òbí yẹn ò ka Faransé. Ọjọ́ ọjà tún wá burú jù, kíláàsì á dá páropáro, wọ́n ti bá ìyá wọn ru ẹrù lọ, tí wọ́n bá padà dé lọ́jọ́ kejì wọn ò mọ ibi tá a bá ẹ̀kọ́ dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n máa gbà wọ́n níyànjú, mo ti gbà wọ́n níyànjú títí ẹnu mi fi bó. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe tó sì ṣiṣẹ́, pàápàá níbi tí owó ò ti sí.

Ará Pọ́bẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o tíṣà. Nígbà tiwa pàṣán ló ń kọ́ni níwèé, ẹni tí ò bá mọ ìṣirò ìlọ́po ẹ̀ lórí, ọwọ́ ẹ̀ á wú dalẹ́, a dẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ ti rọ̀ jù fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ẹ le mọ́ wọn díẹ̀.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Bàbá wa Pọ́bẹ̀, mo kúnlẹ̀ o, ẹ má bínú sí mi. Òfin ọmọdé tí wọ́n ṣe ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 2015 ti kọ nínà ọmọ, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ gbé òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ohun tí pàṣán kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ti kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń sá fún pàṣán, mo rí ọmọ tí kì í wá sílé ìwé mọ́ lọ́jọ́ interro (ìdánwò kékeré), ìyá ẹ̀ ò mọ̀, ó ń wọ aṣọ kaki jáde láràárọ̀.

Tíṣà Kétu, kẹ́ ẹ tó wá oògùn kankan, ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ pe ọmọ mẹ́ta, ẹnì kan nínú àwọn tó ń mókè, ẹnì kan láàárín, ẹnì kan nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sọ fún un pé "ka ẹ̀kọ́ yìí níwájú mi bó o ṣe máa ń kà á nílé", kẹ́ ẹ wá dákẹ́ kẹ́ ẹ máa wò ó. Ẹ má là á lọ́nà. A máa ń sọ fọ́mọ pé lọ kàwé, lọ kàwé, bí ẹni pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ta ló kọ́ ọ? Wọ́n kọ́ ọ ní a, b, d, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí nǹkan ṣe ń dúró sórí èèyàn.

Èmi, ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ rí i, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, kí n tó mọ ilé ìwé Faransé rárá. Alfa á kọ ẹsẹ sórí wàláà, wàá kà á, wàá tún un kà, lẹ́yìn náà wàá gbé wàláà kúrò lójú, wàá kà á fún alfa látorí. Tó o bá ti kọsẹ̀, padà lọ jókòó. Ìgbà tó o bá kà á já láìwò ni wọ́n tó máa ní kó o lọ fọ wàláà kí wọ́n kọ òmíràn sí i. Ẹ rí i, wàláà ò ṣeé fọ̀ tí ohun tó wà lórí ẹ̀ ò bá tíì wọnú ọmọ. Kayé ò rí bẹ́ẹ̀. Kayé kì í fọ̀, ohun tá a kọ sí i ń dúró síbẹ̀, torí náà kò sóhun tó ń bi ọmọ pé "èyí wọlé àbí kò wọlé?" Ó rí i pé ó wà nínú kayé, ọkàn ẹ̀ balẹ̀.

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí náà ti dán an wò. Lọ́dún 2006 ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà, wọ́n ní kí wọ́n tún apá kan kà, wọ́n ní kí wọ́n pa ìwé dé fún apá kejì kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, èyí tí wọ́n tún kà ni wọ́n rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ọ̀rọ̀ yí padà, wọ́n rántí ìdá 56 nínú 100 níbi tí wọ́n ti pa ìwé dé, níbi tí wọ́n ti tún un kà 42 péré. Ibẹ̀ yẹn gan-an ló ti ń tan àwọn ọmọ wa jẹ, alẹ́ tó ń tún un kà yẹn, lójú ara ẹ̀ ó ti mọ̀ ọ́n, kò parọ́, ó mọ̀ ọ́n lálẹ́ yẹn lóòótọ́.

Ẹ ò ní ra nǹkan kan. Ardoise, pátákó kékeré tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí, wà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo wa la ń lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní La Martinière fún ìṣirò àròkàn: ẹ bi ìbéèrè, ẹ kan tábìlì, wọ́n á kọ, ẹ tún kan án, wọ́n á gbé e sókè, lẹ́ẹ̀kan náà lẹ rí ohun tí ọmọ 54 mọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìṣirò nìkan? Ẹ mú ìbéèrè mẹ́ta látinú ẹ̀kọ́ àná, èyíkéyìí tó bá jẹ́, kayé wà nínú àpò, ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, ká lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi note (máàkì) sí i o. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi note sí i ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo ti ẹlòmíràn, ohun tẹ́ ẹ wá fi í ṣe á bàjẹ́.

Tíṣà Kétu

Ẹ̀gbọ́n mi Àjàṣẹ́, ẹ ṣé, mo ṣe é lánàá lẹ́yìn ìgbà tá a jáde, n ò tiẹ̀ sùn dáadáa lálẹ́ àná.

Ọmọ àárín yẹn, ọmọkùnrin ni, ó ṣí kayé, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ látòkè dé ìsàlẹ̀, ètè ẹ̀ ń mì, ó débẹ̀ tán ó tún padà sókè, ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo gba kayé lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kí lo kà? Àkọlé ló sọ fún mi. Àkọlé nìkan. Ó wojú mi bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan ẹ̀, omi bọ́ lójú ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Ọmọ tó ń mókè, ọmọ olóríkì tí mo sọ yẹn náà ni, ó ka ìlà mẹ́ta péré, ó fọwọ́ bò ó, ó gbójú sókè ó sọ ọ́, ó ṣí ọwọ́ wò ó bóyá ó gbà á, ó tún lọ sí ìlà mẹ́ta mìíràn. Mo ní ta ló kọ́ ẹ? Ó ní ìyá ìyá òun ni, pé bí ìyá àgbà ṣe ń kọ́ òun ní oríkì nìyẹn, á sọ ọ́ débì kan á dákẹ́, òun lòun máa parí ẹ̀, tí òun ò bá lè parí ẹ̀ wọn ò ní lọ síwájú. Ọmọ yìí ti wà lọ́dọ̀ mi látìgbà tílé ìwé ti wọlé, mo ń fún un ní ẹ̀bùn lóṣooṣù, n ò bi í rí pé báwo lo ṣe ń ṣe é.

Ẹni kẹta ni ò jẹ́ kí n sùn. Ó ní "Tíṣà, mi ò kì í kà á nílé." Kò sí iná nílé wọn, tó bá ti kúrò nílé ìwé oko ló ń lọ, tí wọ́n bá dé ilẹ̀ ti ṣú. Kò purọ́ fún mi. Èmi ni mo ti ń fìyà jẹ ẹ́ torí wákàtí kan tí ò sí.

Ti ardoise màá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n kí ni ká ṣe sí ti àwọn tí ò ní iná, àti ti ọjọ́ ọjà?

Ìyá Ọlọ́jà Ṣábẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ò lọ ilé ìwé. Ẹ̀gbẹ́ títì ńlá tó lọ sí Parakou ni mo ti ń tajà, iṣu àti gàrí, ọkọ̀ tó bá dúró la máa sáré bá, ọmọ mi méjì ló ń bá mi tà á tí wọ́n bá dé láti ilé ìwé, mi ò lè parọ́ pé wọn kì í tà, ibẹ̀ la ti ń rówó kayé.

Tíṣà kan ló pè mí ní bí ọdún méjì sẹ́yìn tó ní kí n máa mójú tó ìwé ọmọ mi. Ìtìjú mú mi. Mo ní ẹ̀yin tíṣà, ojú mi ò mọ ìwé, kí ni màá mójú tó níbẹ̀? Tíṣà yẹn ò fi mí rẹ́rìn-ín o, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Ó ní, ìyá, ẹ má wo ìwé, ojú ọmọ ni kẹ́ ẹ máa wò. Kí kayé wà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ ní kó sọ ohun tí wọ́n kọ́ lónìí fún yín ní Yorùbá. Tó bá mọ̀ ọ́n, á máa sọ ọ́ lọ bí ìgbà tó ń rojọ́ ẹlòmíràn. Tí ò bá mọ̀ ọ́n, á máa wòkè, á máa ní "ẹ̀ẹ̀n... ẹ̀ẹ̀n". Ẹ̀yin ìyá lẹ mọ̀gbà tọ́mọ ń parọ́ jù wá lọ. Òótọ́ ni. Mo máa ń bi wọ́n tá a bá ń gúnyán, tá a bá ń bó iṣu, kò gbà wá ní àkókò kankan tá ò tíì ní. Ní alẹ́, dípò kí n máa pa àlọ́ fún wọn, àwọn ni wọ́n ń pa á fún mi, wọ́n á ní "ààlọ́ o", màá ní "ààlọ̀", wọ́n á ní kí ló wà nínú ara wa tó ń fa ẹ̀jẹ̀ sókè sódò láìsinmi? Èmi náà ti mọ̀ púpọ̀ níbẹ̀.

Ti ìwé kíkà, mi ò fi sálẹ́ mọ́. Àárọ̀ ni, ilẹ̀ á ti ń mọ́, tó bá ti gbálẹ̀ tán, kó tó lọ wẹ̀, á jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Ìgbálẹ̀ lásán ti ń rán an létí, n kì í sọ ọ́ mọ́.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ìyá wa Ṣábẹ̀, ẹ kú iṣẹ́, iṣẹ́ tíṣà lẹ̀ ń ṣe yẹn. Mo fẹ́ tọ́ka sí ti ìgbálẹ̀ yẹn torí àwọn tó ń kà á lè fò ó. "Máa kàwé lójoojúmọ́" ò ní ibi tó so mọ́, "tí mo bá gbálẹ̀ tán kí n tó wẹ̀" ti so mọ́ ohun tí ọmọ ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò ní rò ó rárá. Ó kàn máa ń pẹ́ kó tó mọ́ra. Ní University College London, àwọn kan tẹ̀ lé èèyàn 96 tí wọ́n ń dá àṣà tuntun sílẹ̀, ìwádìí yẹn jáde lọ́dún 2010, wọ́n rí i pé ní ìwọ̀n ọjọ́ 66 ló máa ń fi mọ́ra, ó yá fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ 18, ó sì pẹ́ fún ẹlòmíràn ju oṣù mẹ́jọ lọ. Torí náà tíṣà, tẹ́ ẹ bá ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ń gbàgbé, ẹ má fi í sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Calavi

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin àgbà. Yunifásítì ni mo wà báyìí ṣùgbọ́n abúlé ni mo ti wá, inú òkùnkùn náà la dàgbà sí. Ohun tó gbà mí ni ọ̀nà ilé ìwé. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín, àwa mẹ́ta, ẹnì kan á di kayé mú, á máa bi àwa tó kù, tá a bá dé ibi igi ìrókò kan a ó pààrọ̀. Àárọ̀ la máa ń rìn ín, ọ̀sán ni a máa ń padà, oòrùn ni iná wa. Ẹ ní kí ọmọ yẹn wá ẹni tí wọ́n jọ ń gba ọ̀nà kan náà, kódà ọ̀nà oko pàápàá.

Àgbà Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Kétu

Mo ti ń kà á látìjọ́ mẹ́ta, mo ní kí n sọ tèmi. Ọ̀rọ̀ méjì ni.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ èdè. Ìyá Ṣábẹ̀ ní kọ́mọ sọ ọ́ ní Yorùbá, inú mi dùn débi pé mo tún un kà. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì wọ́n á fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní signal kọ́ ọ lọ́rùn, yóò máa gbé e káàkiri títí á fi rí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Mo gbé e kọ́rùn rí, mo ṣì rántí bó ṣe wúwo. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa máa há ìwé bí ayékòótọ́ nìyẹn, a ń há ọ̀rọ̀ tí ò ní ìtumọ̀ lọ́dọ̀ wa, ohun tí ò bá dẹ̀ ní ìtumọ̀ kì í pẹ́ lórí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn ní évaporation (bí omi ṣe ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́), ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé aṣọ tí ìyá yín sá sórí okùn láàárọ̀, omi ara ẹ̀ dà? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí ní Yorùbá, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fún wọn ní orúkọ tí Faransé ń pè é. CEP Faransé ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lóye ẹ̀ ní èdè ìyá ẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé yẹn ló kù fún un láti kọ́, kì í ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkejì, ọjọ́ ọjà tẹ́ ẹ ń sunkún lé lórí yẹn, ẹ sọ ọ́ di agogo yín. Ebbinghaus ará Jámánì ti fi ara ẹ̀ dán an wò, ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1885, pé kété lẹ́yìn tá a bá kọ́ nǹkan ló máa ń sá lọ jù, àfi tá a bá ń padà lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Àwa dẹ̀ ti ní ohun tá a fi ń ka ọjọ́ láti ayébáyé, ọjà ọrọọrún. Ọmọ tí ò mọ déètì òní mọ iye ọjọ́ tó kù kí ọjà tó ná. Bí mo ṣe ṣe é nìyí ní ọdún mẹ́fà tó kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì: mo kó agolo wàrà mẹ́ta sórí tábìlì. A gé páálí wẹ́wẹ́, ìbéèrè lójú kan, ìdáhùn lẹ́yìn, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń kọ ọ́, ọmọ méjì lójúmọ́. Ìbéèrè tuntun ń bọ́ sínú agolo kìíní, ojoojúmọ́ la ń bi í. Tí kíláàsì bá gbà á, ó bọ́ sínú agolo kejì, ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ọjà la ń tú ìyẹn. Tí wọ́n bá tún gbà á, agolo kẹta, ọjà mẹ́ta mẹ́ta. Èyí tí wọ́n bá kùnà, ibi yòówù kó wà, ó ń padà sínú agolo kìíní. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo dá a sílẹ̀, àfi ìgbà tí ọmọ mi sọ fún mi pé akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Sebastian Leitner ti gbé irú ẹ̀ jáde ní èdè Jámánì láwọn ọdún 1970, àpótí lòun lò.

Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ kejì ọjà ni mo ní. Ìgbà yẹn ni àwọn tó lọ ru ẹrù padà wá, kò sí ẹ̀kọ́ tuntun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, agolo la ń tú, torí náà ẹni tó lọ sọ́jà ò bá wa ní iwájú ju bó ṣe fi wá sílẹ̀ lọ. Ọjọ́ ọjà gan-an, àwọn díẹ̀ tó bá wá ló ń kọ páálí. Ìdajì ìjà mi pẹ̀lú àwọn ìyá ló parí lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ará Pọ́bẹ̀

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin Àjàṣẹ́, mi ò bínú. Ọmọ-ọmọ mi wà ní CE2 (kíláàsì kẹrin), màá gba kayé lọ́wọ́ ẹ̀ lálẹ́ yìí, màá pa á dé, kó sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá.

Tíṣà Kétu

Ẹ kú àìrí ara wa o, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, mo ní kí n padà wá jábọ̀ torí ẹ̀yin lẹ fún mi.

Ardoise ti mọ́ wọn lára, tí mo bá pẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ àwọn gan-an ló ń rán mi létí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú o, ardoise òfìfo ni mò ń rí, bí ọmọ ogójì gbé e sókè láìkọ nǹkan kan, ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́ sọ nípa ọjọ́ 66 yẹn ló dá mi dúró. Báyìí àwọn tó ń gbé òfìfo sókè ò ju mẹ́wàá lọ. Nínú devoir tá a ṣe kẹ́yìn, ọmọ tó ka àkọlé nìkan yẹn gba 11, kò tíì gba 10 rí lọ́dún yìí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lọ sókè, àwọn kan ṣì wà ní 7, Faransé ló ń dà wọ́n láàmú, àgbà tíṣà ti rí i ṣáájú mi.

Ọmọ olóríkì ni mo ní kó kọ́ àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ bò ó. Ó dúró síwájú, ó sọ ìdajì gbólóhùn, ó dákẹ́, gbogbo kíláàsì parí ẹ̀, ohùn ìyá ìyá ẹ̀ ló fi ń ṣe é. Ẹ̀bùn kayé olóṣooṣù yẹn mo ti dá a dúró, owó ẹ̀ ni mo fi ra ṣọ́ọ̀kì àti àtùpà olóòrùn kan tó ń sùn nílé ọmọ kan lọ́sẹ̀ yìí, nílé ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọmọ tí ò ní iná yẹn ò tíì lọ jìnnà nínú note o, ó gba 8. Ṣùgbọ́n òun àti àbúrò ẹ̀ ló ń bi ara wọn ní ìbéèrè lójú ọ̀nà oko, bàbá wọn ló wá sọ fún mi, ó ní òun rò pé wọ́n ń jà ni, ìgbà tóun tẹ́tí sí i, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Agolo mẹ́ta ti wà lórí tábìlì, páálí ló ti ń tán mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń gba Kétu kọjá tó ní páálí súgà tàbí ti ọṣẹ tó ti ṣófo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dáná, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí mi níbí, màá rán ọmọ wá gbà á.